Ẹni Tó Ń Gbọn Ìrì

Ọyẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìlọrin. Ti apá òkè a máa la ètè, a máa la gìgísẹ̀, a máa sọ àwọ̀ ara di funfun bí ti ẹni tó yí nínú eérú. Ṣùgbọ́n ní Òkìtìpupa, Ìlú Títun àti Òde-Ìrèlè, níbi tí ọ̀sà àti òkun kò jìnnà sí, afẹ́fẹ́ tó gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló máa ń lò nínú oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, ohun tó sì máa ń fi sílẹ̀ láàárọ̀ ni otútù, ìkùukùu àti ìrì. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá fẹ́ gba inú ẹgàn kọjá ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà kò ní gba ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àfi kí wọ́n tò. Ẹni tó mú àdá ni yóò ṣíwájú. Ewé tó ya bo ojú ọ̀nà ti gbé omi dání láti òru, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò sì fi orúnkún àti itan gbọ̀n ọ́n dànù. Jànkárìwọ̀ tí aláǹtakùn ta sáàárín igi méjì, ojú ẹni àkọ́kọ́ ni yóò lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹni kẹrin bá fi débẹ̀, etí ṣòkòtò rẹ̀ nìkan ló máa tutù. Ẹni kẹwàá lè dé òpin ìrìn láìmọ̀ pé ìrì sẹ̀ rárá lóru ọjọ́ náà. Ìrì yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí lójú tèmi, ó ń dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti kọ ìwé ńláńlá lé lórí.

Ìbéèrè náà nìyí: ohun mímọ́ tí tẹrú-tọmọ gbà pé ó ń bẹ nínú igbó, níbo ló wà gan-an? Ẹni tó bá wọ ẹgàn tí ìrókò àti ọ̀gànwó ṣì dúró nínú rẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò sí lọ́jà. Ohùn a lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Àwọn kan ní inú igi ni ohun náà wà. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ní inú ọkàn ẹni tó ń rìn ló wà, àti pé kí ọkàn yẹn tó lè gbọ́ ọ, àfi kó dá wà. Jean-Jacques Rousseau kọ odidi ìwé lórí ìrìn àdárìn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1782 lẹ́yìn tó ti kú. Henry David Thoreau, tí àròkọ rẹ̀ lórí ìrìn jáde ní 1862, ti kọ́kọ́ gbé inú ahéré kan létí adágún Walden fún ọdún méjì àti oṣù méjì kó lè dá nìkan ronú. (Ó máa ń yà sílé ìyá rẹ̀ jẹun, nítorí ìlú kò jìnnà síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fojú fo ìyẹn.) Èrò yìí ti rinlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń retí ni pé kó kúrò láàárín èrò. Èmi rò pé láàárín àwọn tó ń rìn ni ohun mímọ́ náà wà, àti pé èdè wa ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Otútù ń mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, nǹkan náà ló wá bá ènìyàn níbi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí kí Yorùbá sọ pé ọ̀wọ̀ ń mú òun? Ọ̀wọ̀, à ń bù ú fún ẹni ni; à ń fi wọ ẹni. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tí à ń ṣe é fún, ó sì gbọ́dọ̀ hàn lára: ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀, fìlà tí a ṣí, bàtà tí a bọ́. Ọmọ tó bá ní ọ̀wọ̀ bàbá òun wà lọ́kàn òun ṣùgbọ́n tí kì í kí i, a kì í bá a jiyàn, ẹ̀rín la fi ń rín in. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń wá bá ẹnìkan ṣoṣo lábẹ́ ìrókò lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ ìyanu, ó sì lè jẹ́ otútù lásán, ṣùgbọ́n kò tíì di ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ro ti ẹlòmíràn kó tó tẹ ilẹ̀. Ẹni iwájú rí gbòǹgbò tó yọrí síta, ó ní “ẹ wolẹ̀ o,” ọ̀rọ̀ náà sì ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni kejì di ẹ̀ka igi mú kó má baà fò padà gbá ẹni kẹta lójú. Ẹni kẹta náà gbà á, ó dì í mú fún ẹni kẹrin. Nǹkan wọ̀nyí kéré, wọn kò tó ohun tí à ń fi wàásù. Síbẹ̀, bí a bá ní ká wá ibi tí ìwà ti ń hàn lójúkorojú, n kò mọ ibi tó tún mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, à sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìṣubú nìkan ló ń kọ́ni. Ẹni tó gbọn ìrì náà ṣe ará ẹ̀yìn lóore. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ kì í mọ̀ pé wọ́n ti ṣe òun lóore ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń gbé ẹrù ńlá lé ìrì lórí, kó wo ìtàn igbó tó lókìkí jù lọ lédè wa. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà yìí, ló kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàràògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, dá wọ igbó yẹn. Ó rí ìyanu, ojú rẹ̀ rí màbo, ó sì sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ìgbà kẹta, tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá a lọ mọ́: Kàkó bá a lọ, Ìmọ̀dòye bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn ọdẹ mìíràn náà lọ, títí wọ́n fi pé méje. Ẹnìkan mọ orin, ẹnìkan ní ọgbọ́n orí, ẹnìkan gbọ́ èdè ẹranko, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ̀bùn tirẹ̀ nìkan tó gbé débẹ̀. Ìrìn tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ yìí ni Fágúnwà fi ọgbọ́n Ìrágbèjé, ọlọgbọ́n tí wọ́n bá lọ́hùn-ún, sí, ẹ̀kọ́ ọjọ́ méje gbáko. Mo mọ̀ pé ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni ìtàn àròsọ àti àṣà, àti pé òǹkọ̀wé tó mọ igbó tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ olùkọ́ àti onígbàgbọ́, kò ṣèèṣì fi àdárìn ṣe ìrìn ìyanu kó sì fi àjọrìn ṣe ìrìn ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká jáde nínú ìwé wá sórí ilẹ̀. Báwo ni Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ti ṣe ṣẹ́ kù láàárín ìlú ńlá tó yí i ká? Wọ́n máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí iṣẹ́ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009. Obìnrin náà ṣiṣẹ́ takuntakun, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére tí wọ́n jọ ṣe é, ó ní àwọn àwòrò, lékè gbogbo rẹ̀ ó ní ogunlọ́gọ̀ tó ń tẹ̀lé Arugbá wọ inú igbó náà nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ dẹdò, a kò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, a kò gbọdọ̀ gé igi, àwọn tó ń rìn tẹ̀lé ara wọn yìí ni èèwọ̀ náà sì fi ń mí. Bí wọ́n bá dẹ́kun àtimáa lọ, èèwọ̀ yóò di ọ̀rọ̀ inú pátákó. Mùsùlùmí tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà lèyí lè wo Mẹ́kà: ẹni tó wọ ìhúráámù kò gbọdọ̀ pa ẹran ìgbẹ́, igi inú Háráàmù, ilẹ̀ mímọ́ ibẹ̀, kò sì ṣeé gé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ wà lára ibi tí èrò ti ń pọ̀ jù lọ láyé. Ilẹ̀ mímọ́, àgbájọ ènìyàn, àti nǹkan tí gbogbo wọn jọ fà sẹ́yìn fún: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń wà pọ̀. Kristẹni náà rí i kà nínú Jẹ́nẹ́sísì pé a fi ènìyàn sínú ọgbà kó lè máa ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sì wò ó tó ní kò dára kí ọkùnrin náà dá wà.

Ẹni tó bá kàwé yóò ní Émile Durkheim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti sọ irú èyí ní 1912: pé àwùjọ tó péjọ ló ń bí ohun mímọ́, àti pé ara rẹ̀ ni àwùjọ ń bọ láìmọ̀. A pàdé lọ́nà díẹ̀, a sì yà. Àwọn tó jókòó yí iná ká lè máa wo ara wọn lójú, kí inú wọn máa dùn sí ara wọn. Àwọn tó tò nínú ẹgàn kò rí ojú ara wọn. Ẹ̀yìn ẹni iwájú ni oníkálukú ń rí, ojú gbogbo wọn sì wà nílẹ̀ àti nínú igbó. Ohun kan tó ju àwọn fúnra wọn lọ ló ní kí wọ́n tò.

Àwọn àtakò tó le jù lọ kò ti Yúróòpù wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún 1947, S. B. J. Oshoffa, káfíńtà ará Àjàṣẹ́, wà nínú igbó tó ti lọ wá gẹdú nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ rẹ̀ ti wí. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló sì fi rìn kiri nínú igbó kó tó jáde. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tó tàn dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, inú igbó yẹn ló ti ṣẹ̀. Ṣé ẹni tó dá wà kọ́ nìyẹn? Òun ni, n kò sì ní fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yí i padà. Ènìyàn lè dá gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n ìjọ náà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tó ń rántí: ọjọ́ ìpè, àti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, tí ìjọ fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Láìsí ọjọ́ kejì, káfíńtà kan tó sọnù tó sì di rírí ni ìtàn ì bá máa sọ. Ẹ sì wo ohun tí ìpè yẹn wá dà lára àwọn ọmọ ìjọ: aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ lásán. Ohun tí ẹnìkan gbọ́ nínú igbó di bàtà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bọ́, ìgbà yẹn ni mo tó lè pè é ní ọ̀wọ̀. Bákan náà ni ti ọdẹ tó ń dá dẹ̀gbẹ́ lóru. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn ti là ló ń tọ̀. Bó bá sì dé oríta, a ṣẹ́ ẹ̀ka igi sílẹ̀ kí ẹni tó bá ń wá a lè mọ ibi tó yà sí. Ó wà nínú ìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yòókù ṣì ń sùn nílé.

Àtakò kejì súnmọ́ ilé, ó sì ní òkú nínú. Nínú oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, ènìyàn tó ju 15 lọ kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọn kò ríran mọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gba ìlú kan ni pé òrìṣà Malokun ló ń jà, pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti lọ fọ́ ojúbọ rẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, methanol, ọtí olóró tí ènìyàn kì í mu, ni wọ́n bá nínú ọ̀ràn náà, láti inú ògógóró. Ẹlẹ́gàn yóò ní: ẹ wò ó, ohun tí ẹ̀ ń pè ní ọ̀wọ̀ igbó àti ojúbọ, ìbẹ̀rù tó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù ni. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ó sì ṣi ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ìbẹ̀rù máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó ń wá ìdí àti ẹlẹ́bi. Ọ̀wọ̀ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹsẹ̀ tó tẹ ibi kan, kí ọwọ́ tó mú nǹkan kan. Bí a bá fi ojú ọ̀wọ̀ wo Òde-Ìrèlè, ìbéèrè tí a ó bi kì í ṣe ta ló ṣẹ òrìṣà. A ó bi pé ta ló ṣíwájú, kí ló rí, kí sì ló dé tí kò ké sí ará ẹ̀yìn. Ẹni tó pọn ọtí àti ẹni tó tà á ló wà níwájú níbẹ̀, àwọn tó mu ún ló ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé pé ojú ọ̀nà mọ́. Kò sí ẹni tó ní “ẹ wolẹ̀ o.” Methanol kò sọ ọ̀rọ̀ mi di asán. Ó fi hàn bí ìlà ṣe ń rí nígbà tí ẹni iwájú kò bá ka ará ẹ̀yìn sí.

Àmọ́ àtakò kan ń bẹ tó ń gbé mi lọ́kàn ju méjèèjì lọ: àwọn tó ń pa igbó run kì í dá wá. Agbégilódò kì í gbé ẹnìkan ṣoṣo. Awakọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gégi wà níbẹ̀, àwọn tó ń fà á sókè wà níbẹ̀, oníkòkò ìrẹsì pàápàá ń tẹ̀lé wọn. Bí àjọrìn bá ń sọ ilẹ̀ di mímọ́, kí ló dé tí ti àwọn yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn kan ni pé wọ́n wá pọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọn kò fà sẹ́yìn fún nǹkan kan pọ̀; èèwọ̀ kò sí láàárín wọn, owó ló wà. Ìdáhùn yẹn tọ́, ṣùgbọ́n kò tó mi. Ẹ wo ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ní igbó ọba Olúwa, wọ́n gé ọ̀pọ̀ ẹgàn kúrò, wọ́n sì gbin gmelina dípò rẹ̀, igi tí àwọn onígẹdú ń pè ní mẹláínà, nítorí ilé-iṣẹ́ ìwé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìwòpin. Ní Òkìtìpupa, láti àwọn ọdún 1970, ọgbà ọ̀pẹ ńlá gba ilẹ̀ tó lọ súà. Ẹ dúró láàárín ọgbà bẹ́ẹ̀: àwọn igi ló tò. Ìlà tó gún régé, ẹni tó bá dúró lórí ìlà kan lè ríran dé òpin. Ènìyàn mẹ́wàá tó bá wọ ibẹ̀ kò ní tò, kò sí ohun tó ní kí wọ́n tò. Oníkálukú yóò mú ìlà tirẹ̀, wọn a sì máa pariwo pe ara wọn láti ìlà kan sí òmíràn. Nínú ẹgàn, igi fọ́nká, ènìyàn tò. Nínú ọgbà, igi tò, ènìyàn fọ́nká. N kò sọ pé ọ̀pẹ burú. Epo wà nínú ọbẹ̀ tí gbogbo wa ń fi jẹ púpurú, owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ sì ti inú èkùrọ́ jáde. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọgbà ọ̀pẹ kì í kọ́ ènìyàn ní àjọrìn, àti pé ìran tí kò mọ ibòmíràn yàtọ̀ sí ọgbà yóò máa rò pé ẹ̀sìn ni kí oníkálukú mú ìlà tirẹ̀.

Ohun kan ló kù, òun ló sì yẹ kó máa dá àwọn tí ọ̀rọ̀ mi dùn mọ́ lóró díẹ̀. Àwọn àgbà ní ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ, ìlà inú ẹgàn lọ́jọ́ ọyẹ́ sì jẹ́ ẹ̀rí sí i, nítorí ará ẹ̀yìn ń wọ ara ẹni iwájú bí aṣọ. Aṣọ náà ńkọ́? Ta ló ń bo òun? Bí ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ wọ igbó lónìí, wọn a wá ọmọ oko kan tó mọ ọ̀nà, wọn a fún un lówó díẹ̀, òun nìkan ni yóò sì wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú sálúbàtà rọ́bà, tí àwọn tó wọ súwẹ́tà ń bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ń yin Ọlọ́run fún ẹwà ìkùukùu. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ tò lójú, kò tò nínú. Àyè ẹni iwájú kì í ṣe oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ alágbàṣe; ohun tó yẹ kó máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni, bí ẹ̀ka igi tí ẹni kejì dì mú fún ẹni kẹta. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, bí ẹ bá ti rìn díẹ̀, ẹ wo ṣòkòtò ẹni tó ṣíwájú yín. Bó bá ti tutù dé itan, ẹ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀.